Hàwáù Tí Ń Ka Tákàdá fún Bàbá Rẹ̀

Ní àwọn ọdún tí ogun Kírìjì kò jẹ́ kí ọ̀nà ṣeé rìn láìséwu, oníṣègùn kan wà ní Òmù-Àrán tó ń jẹ́ Ndanusa. Àáfà ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí ó mọ kéwú, kì í sì í pa ìrun jẹ. Ọmọ Nupe ni bàbá rẹ̀, Gana, tó wá láti ọ̀nà Ṣààrẹ́, tó fẹ́yàwó sí Òmù-Àrán, tó sì kú síbẹ̀. Ogún tí Gana fi sílẹ̀ kò ju àpò awọ ewúrẹ́ kan lọ. Tákàdá ló kún inú rẹ̀. Lẹ́tà Lárúbáwá ni ó fi kọ wọ́n, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni ọ̀rọ̀ inú wọn: àìsàn tí ó tọ́jú, ewé àti èèpo igi tí ó lò, ẹni tí ara rẹ̀ yá àti ẹni tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ndanusa fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tí ó sún mọ́ àádọ́ta ọdún, awọ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀. Láàárín ọdún méjì, kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ. Ìyàwó rẹ̀, Mọ́láyọ̀, kò sí mọ́. Àwọn akónilẹ́rú ti gbé òun àti Ìdírísù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, lọ lẹ́yìn odi ìlú, nígbà tí Hàwáù, ọmọbìnrin wọn, wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Hàwáù nìkan ló kù fún un. Òun ni ó kọ́ ní lẹ́tà lórí wàláà, títí ó fi lè ka ohun tó wà nínú àpò náà. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ó ti ń jókòó ti bàbá rẹ̀. Bí aláìsàn bá dé, Àáfà á fi ọwọ́ wo ara onítọ̀hún, á bi í léèrè ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà á yíjú sí ẹ̀gbẹ́.

"Hàwáù, kà á."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún láìlọ́kọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bí méjì, wọ́n ti bí mẹ́ta. Kì í ṣe pé àwọn ọkùnrin kò wá. Àáfà ló ń dá wọn padà. Ó ní ìdílé èyí kò dára, ti ọ̀hún ń mu ọtí, ẹnìkẹta yẹn, ohùn rẹ̀ kò dùn létí òun. Hàwáù kò bá a jiyàn, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọkàn rẹ̀ fà sí. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò kọjá ẹnubodè ìlú láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyá rẹ̀ lọ. Bí àwọn obìnrin bá ń lọ sódò, wọn a bá a pọn omi tirẹ̀ wá. Bí ewé bá tán, Àáfà á rán ẹlòmíràn. Láti ilé dé ọjà, láti ọjà dé ilé, ibẹ̀ ni ayé rẹ̀ mọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ni Ọdẹ́wálé dé, tó pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Ọdẹ ni, ará Agbamu, ó sì tún ń kó oyin nínú igbó. Egbò ńlá kan ló wà lẹ́sẹ̀ Ọ̀ṣuntọ́lá, ìyá rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí kò jinná.

Àáfà ní kí wọ́n dúró fún ogójì ọjọ́. Ó fún wọn ní yàrá kan lẹ́yìn ilé, Hàwáù sì ni ó ń wẹ egbò náà láràárọ̀.

"Ẹ di ẹsẹ̀ wọn mú dáadáa," ó wí fún Ọdẹ́wálé ní ọjọ́ kìíní. "Yóò ta wọ́n."

"Kí ni o dà sí i?"

"Omi èèpo igi. Bí ó bá gbẹ, a ó fi oyin ra á."

Ọdẹ́wálé wo ìyá rẹ̀, ó wo Hàwáù. "Oyin tó kún ilé wa. Oyin tí kòkòrò rẹ̀ ń ta mí nínú igbó."

"Oyin nílé yín kọ́ ló ṣòro," ni Hàwáù dá a lóhùn. "Ẹ kò mọ ohun tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ ni."

Ọ̀ṣuntọ́lá rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi wà lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pe Hàwáù ní "ìyá ẹsẹ̀ mi".

Ní ọjọ́ kan, Hàwáù ń kọ orúkọ aláìsàn sórí tákàdá, Ọdẹ́wálé sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó bi í pé kí ni ó kọ síbẹ̀.

"Ọ̀ṣuntọ́lá, ìyá Ọdẹ́wálé, ará Agbamu."

"Ibo ni èmi wà níbẹ̀?"

Hàwáù fi gègé ìkọ̀wé hàn án. Ọdẹ́wálé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Ó dà bí ipa ẹsẹ̀ ẹranko," ó wí. "Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ilẹ̀ lásán ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á mọ ibi tó gbà lọ." Ó gbójú sókè. "Ṣé o ti dé Agbamu rí?"

"Rárá."

"Ẹ̀ṣìẹ́ ńkọ́, níbi àwọn ère òkúta?"

"Wọ́n sọ fún mi nípa wọn."

"Ìjàrà ńkọ́?"

"Ẹ má bi mí mọ́," ni Hàwáù wí, ó sì ká tákàdá rẹ̀.

Ọdẹ́wálé kò bi í mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti ń bá a lọ ewé, ó ń sọ ọ̀nà fún un. Á sọ ibi tí odò ti ń ya, igi tí ó ń sùn sí bí ó bá ń dọdẹ, àpáta tí ọ̀bọ ń jókòó lé ní àárọ̀. Hàwáù kàn ń rọra lọ ewé náà, kí ó má baà tètè kúnná.

Ní ogójì ọjọ́, ẹsẹ̀ Ọ̀ṣuntọ́lá jinná, ó sì fi í rìn jáde. Ilé wá dákẹ́. Hàwáù rò pé òun yóò gbàgbé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ọdẹ́wálé tún yọ, ó gbé ìkòkò oyin lérí. Ó ní òun mú un wá fún oògùn Àáfà ni. Nígbà tó tún di ọjọ́ kẹsàn-án, ó gbé òmíràn wá.

Àsàmáù, àbúrò Àáfà, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Opó ni, yàrá rẹ̀ wà nínú agbo ilé kan náà, ojú rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan.

"Hàwáù, ìkòkò oyin mẹ́fà ló wà nílẹ̀. Àìsàn wo ni à ń fi tọ́jú?"

Hàwáù tẹrí ba.

"Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin Ìyá, bí mo bá fẹ́ ẹ, ibo ni mo fẹ́ gbà lọ?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Mo fẹ́ ẹ," ni Hàwáù wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á.

Àsàmáù lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní àwọn ará Agbamu rí òdòdó kan nínú ọgbà rẹ̀. Àáfà ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Ògún ni wọ́n ń bọ nílé wọn."

"Kí ni wọ́n ń bọ nílé Mọ́láyọ̀ nígbà tí ẹ lọ fẹ́ ẹ?"

"Mọ́láyọ̀ kírun kó tó wọ ilé mi."

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kírun, nígbà náà."

Àáfà ní òun ti gbọ́. Àsàmáù rò pé ó gbà ni.

Odidi ọdún kan ni Ọdẹ́wálé fi kọ́ ìrun lọ́wọ́ oníṣòwò ará Ṣààrẹ́ kan tó ń gbé ní Agbamu. Nígbà tí ó padà wá, Àsàmáù mú un jókòó síwájú Àáfà. Àáfà ní kí ó ké Fátíhà. Ọdẹ́wálé ké e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣì í. Hàwáù wà lẹ́yìn ògiri, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú.

"Ẹ̀sìn tí ọkùnrin gbà nítorí obìnrin," ni Àáfà wí, "obìnrin náà ni ó ń kírun sí."

"Bàbá, ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe."

"Èmi kò ní kí o ṣe é. Àsàmáù ló ní kí o ṣe é." Ó na ọwọ́, ó ń wá ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀. "Bí Hàwáù bá tẹ̀lé ọ lọ, ta ni yóò máa kà á fún mi? Ẹ jẹ́ kí n kú ná. Bí mo bá kú, kí ẹ wá mú un."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó ba ayé Hàwáù jẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá rẹ̀ bá wúkọ́, etí rẹ̀ á là. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó jí, Hàwáù á dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní mọ ohun tí òun ń retí. Ní ọjọ́ kan ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń ka iye ọdún tí Gana lò láyé nínú tákàdá, tó ń fi ṣírò ti Ndanusa. Ó ju tákàdá náà sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Bàbá tó ń fi ọwọ́ ya ẹran inú àwo tirẹ̀ fún un, ikú rẹ̀ ni ó ń dúró dè yìí. Ó sunkún, kò sì rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Nígbà tí ọkà oko ń yọ orí, Ọdẹ́wálé wá láìgbé oyin dání. Ọjà ni wọ́n ti pàdé.

"Ilé ti wá ọmọ kan fún mi ní Ìjàrà," ó wí. "Ìyá mi ti dá wọn dúró lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ. Àwọn bàbá mi ní bí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí bá parí, àwọn yóò gbé e wọlé."

"Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Ìwọ ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ló ni mí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀la, nígbà tí àwọn ará oko bá ń jáde, màá dúró nídìí igi emi tó wà lẹ́yìn ẹnubodè. Bí o bá yọ, Agbamu ni a ń lọ tààrà. Bí a bá dé ibẹ̀ tán, àwọn àgbà á wá bẹ Bàbá."

Hàwáù kò sọ pé òun yóò wá, kò sì sọ pé òun kò ní wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó da omi àlùwàlá sínú kẹ́tù bàbá rẹ̀, ó di aṣọ méjì sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì bá àwọn ará oko lọ. Ó dé ẹnubodè. Ó rí igi emi náà. Ó rí Ọdẹ́wálé nídìí rẹ̀, tó dìde nígbà tí ó rí i. Kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ó rò ó pé kí òun gbé ọ̀tún, ọ̀tún wúwo. Ojú ọ̀nà pupa náà lọ títí, ó wọ inú igbó, ó sì rí i bí ìyá rẹ̀ ṣe gba ibẹ̀ lọ, tí èjìká rẹ̀ ń kéré, ń kéré. Kò mọ̀ bóyá àánú bàbá rẹ̀ ni ó ń ṣe é, tàbí ìbẹ̀rù ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi èjìká kàn án kọjá. Ó yí padà.

Nígbà tí ó wọlé, Àáfà ti jókòó ti aláìsàn kan.

"Hàwáù, níbo lo wà? Kà á."

Ó kà á.

Ọdẹ́wálé kò wá mọ́. Oṣù méjì kọjá, ọyẹ́ sì dé. Ní Jímọ̀ kan, Àáfà wà ní mọ́sálásí, Hàwáù sì rí i pé ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdí àpò awọ náà. Ó kó gbogbo tákàdá jáde láti sá wọn sóòrùn. Ìdì kékeré kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n fi aṣọ pupa wé. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé orúkọ àwọn òkú ilé ló wà nínú rẹ̀, kí ó má fọwọ́ kàn án. Ikán ti wọ ibẹ̀ pẹ̀lú, Hàwáù sì tú u.

Tákàdá méjì péré ni. Èkíní, Gana ló kọ ọ́:

"Awọ funfun bo ojú mi nígbà tí ọmọ mi Ndanusa wà lórí wàláà. Mo padà sí Ṣààrẹ́, sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi abẹ́rẹ́ ti awọ ojú. Wọ́n tì í, mo sì ríran. Ndanusa ni ó mú mi lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí nínú ilé mi, kí ó má jókòó sínú òkùnkùn."

Ìkejì, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, kò sì gùn:

"Lónìí mo rán Mọ́láyọ̀ àti Ìdírísù lọ ha èèpo igi wá létí odò. Mọ́láyọ̀ ní kí àwọn dúró de àwọn ọdẹ. Mo ní kò séwu. Wọn kò padà."

Hàwáù jókòó sáàárín àwọn tákàdá náà títí oòrùn fi yí. Ó gbọ́ ọ̀pá bàbá rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀, kò dìde. Nígbà tí Àáfà jókòó tán, ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ kàwé fún yín."

Ó ka èkíní. Ó ka ìkejì. Àáfà kò mi, àfi ọwọ́ rẹ̀ tó ń ra orí ọ̀pá.

"Ta ló ní kí o tú aṣọ pupa yẹn?"

"Ikán ni, Bàbá."

Níta, ẹnì kan ń gún nǹkan lódó.

"Ẹ mọ̀ pé ó ṣeé wò," ni Hàwáù wí. "Ó lé ní ọdún mẹ́wàá."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé?"

Àáfà gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí ó máa bò ó. Kí ni mo tún fẹ́ fi ojú wò? Ṣé ọ̀nà odò ni?" Ó mí. "Lẹ́yìn náà ìwọ wá ń jókòó tì mí. Bí mo bá pè, o wà níbẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí mo wá ọ tì. Mo ní bí ojú yìí bá là, kí ni yóò dá ọ dúró?"

"Ẹ kàn tì mí mọ́lé."

"Mo tì wá mọ́lé, àwa méjèèjì."

Hàwáù fẹ́ bínú. Ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀, ó sì rí i, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ibodè, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti dì í mú.

"Bàbá, èmi fúnra mi ni n ó mú yín lọ sí Ṣààrẹ́," ó wí. "Bí ẹ bá kọ̀, n kò ní sá. N ó jókòó tì yín. Ṣùgbọ́n n kò ní ka ọ̀rọ̀ kan mọ́ títí ẹ ó fi kú."

Àáfà tẹrí ba. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n pe Àsàmáù wá.

Àsàmáù ni ó ránṣẹ́ sí Agbamu. Ọ̀ṣuntọ́lá sọ fún àwọn bàbá ilé rẹ̀ pé bí wọ́n bá gbé ọmọ Ìjàrà wọlé kí òun tó gbọ́ òpin ọ̀rọ̀ yìí, òun yóò fi ẹsẹ̀ tí Hàwáù wò sàn kúrò nílé. Ọdẹ́wálé àti ọdẹ méjì mìíràn wá láti sìn wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè, Hàwáù di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ọwọ́ náà sì tutù. Kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń fa èkejì. Wọ́n kọjá.

Ní ọ̀nà, Ọdẹ́wálé súnmọ́ ọn. "Mo dúró títí oòrùn fi kan àtàrí lọ́jọ́ yẹn," ó wí.

"Mo rí yín. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbé mi."

"Mo rò pé o kò fẹ́ mi ni."

"Kí ló dé tí ẹ kò wá bi mí?"

Ọdẹ́wálé rìn díẹ̀. "Ojú ń tì mí," ó wí.

Arúgbó Nupe kan ló ti awọ ojú Àáfà ní Ṣààrẹ́. Ó ṣe ọ̀tún, ó ṣe òsì, kò sì pẹ́ rárá. Hàwáù ni ó di orí bàbá rẹ̀ mú. Ojú òsì gbọgbẹ́, ó wú, ó sì fọ́ pátápátá. Ìrora rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Hàwáù fi rò pé òun ti pa bàbá òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú aṣọ ojú ọ̀tún ní ọjọ́ kẹwàá, Àáfà ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mo rò pé ọmọdé ṣì ni ọ́," ó wí.

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé Òmù-Àrán, ó ní kí wọ́n pe àwọn ará Agbamu. Wọ́n so yìgì Hàwáù àti Ọdẹ́wálé lẹ́yìn ọyẹ́, ní àárọ̀ Jímọ̀. Hàwáù bèèrè ẹni tí yóò máa ka tákàdá. Àáfà ní ojú kan tó láti kà á, kí ó máa lọ. Kò wò ó nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tí àwọn ìyàwó ilé gbé Hàwáù jáde, Àáfà wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Oṣù mẹ́rin kọjá láìsí ọ̀rọ̀ kankan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Hàwáù ń gbé pẹ̀lú ọkọ tó fẹ́ràn rẹ̀ àti ìyá ọkọ tó ń pè é ní ìyá, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á na sí ẹ̀gbẹ́ láti mú tákàdá tí kò sí níbẹ̀. Ó rò pé bàbá òun ti gé òun kúrò.

Ní ọ̀sán kan, Ọ̀ṣuntọ́lá pè é síta. Àáfà Ndanusa ló dúró nínú agbo ilé, òun àti ọ̀pá rẹ̀, eruku bò ó dé orúnkún. Òun nìkan ló wá.

"Bàbá, ta ló sìn yín wá?"

"Kò sẹ́nì kankan." Ó jókòó sórí ìjókòó tí Ọdẹ́wálé sáré gbé wá. "Ẹ̀rù bà mí láti ẹnubodè títí mo fi dé ìdí igi emi yín yẹn. Ẹ fún mi lómi."

Ó sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò bèèrè nǹkan kan nípa oògùn tàbí tákàdá. Ó jẹ iyán, ó wo yàrá Hàwáù, ó wo oyin tí wọ́n kó, ó sì bá Ọ̀ṣuntọ́lá sọ̀rọ̀ lórí òjò. Ní òwúrọ̀, Hàwáù sìn ín jáde. Wọ́n kọjá oko, wọ́n dé ibi tí odò ti ya.

"Ó tó," ni Àáfà wí. "Padà sílé rẹ."

"Ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé òkè yẹn."

"Hàwáù, máa lọ."

Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì yí padà. Ọ̀nà gùn láti ibẹ̀ dé Agbamu, kò sì sí ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Ó rìn, ó bojú wẹ̀yìn, bàbá rẹ̀ ṣì dúró. Ó tún rìn títí ó fi dé ibi tí ọ̀nà ti wọ inú igi, ó tún bojú wẹ̀yìn. Àáfà dúró síbẹ̀, ó gbára lé ọ̀pá rẹ̀, ó fi ojú kan tó kù ń wò ó lọ, kò sì pè é padà.